Sítáǹbù Ìdáhùn

Ẹnu Atẹ̀wé kò padé. Ó jókòó sórí àga nínú gbọ̀ngán ilé-ìwé, káàdì aṣojú ẹgbẹ́ Àtùpà rọ̀ sí i láyà, ó ń wo òṣìṣẹ́ ìbò tó ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára pátákó, ó sì ń wò ó bí ẹni pé orí ọkùnrin náà ti dàrú.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?" ló bi í.

"Ohun tí a kà ni mo kọ, mà."

"Ẹ tún un kà."

Wọ́n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko ni wọ́n tún un kà, títí òṣìṣẹ́ náà fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ tó ń nù ún, tí obìnrin tó jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ kejì sì ń wo ilẹ̀ nítorí àánú Atẹ̀wé ń ṣe é. Nọ́ńbà náà kò yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ọ̀rọ̀ náà kò yé Atẹ̀wé alára lọ́jọ́ náà. Ìwé ìbò méjì ni wọ́n fún olúkúlùkù. Funfun ni ti olórí ìjọba, yẹ́lò ni ti aṣòfin tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún ẹkùn náà. Ẹgbẹ́ méjì ló lórúkọ níbẹ̀, Àtùpà àti Àkàbà. Àdúgbò yìí, ti Àtùpà ni láti ìgbà tí Atẹ̀wé ti gbọ́njú. Bí Àtùpà bá gbé òkúta kalẹ̀ pé òun ni kí wọ́n dìbò fún, wọ́n á dìbò fún òkúta, wọ́n á sì máa kí i pé ó kú iṣẹ́ ìlú. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ka ìwé funfun tán, Àtùpà ní ẹgbẹ̀ta lé mọ́kànlá, Àkàbà ní igba ó lé mẹ́rin. Kò yani lẹ́nu. Atẹ̀wé ti ń ki bírò bọ báàgì. Ìgbà náà ni wọ́n ka yẹ́lò: Àkàbà, irinwó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àtùpà, irinwó dín méjìdínlógún.

Àwọn ènìyàn kan náà ni o. Ìlà kan náà ni wọ́n tò, oòrùn kan náà ló pa wọ́n. Ọwọ́ tó fàmì sí Àtùpà lórí ìwé funfun ló yí padà tó fàmì sí Àkàbà lórí yẹ́lò. Atẹ̀wé ti ṣe aṣojú ìbò ní ẹ̀ẹ̀meje láyé rẹ̀, kò rí irú rẹ̀ rí.

Èyí tó wá pa á lára jù ni pé àbúrò rẹ̀ ló wà lórí yẹ́lò náà fún Àtùpà. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà. Nínú gbogbo gbọ̀ngán yòókù, ọgbọ̀n ìbò ni ọmọ náà fi ṣíwájú. Gbọ̀ngán tiwọn nìkan ló kù, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, tí ọkàn gbogbo ènìyàn sì balẹ̀ sí. Gbọ̀ngán tiwọn yìí ló pa á. Ìbò mọ́kànlélógún ni wọ́n fi nà án, ilé ni wọ́n sì ti nà án.

Ó fọwọ́ sí ìwé èsì. 

Atẹ̀wé kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá béèrè orúkọ yẹn ládùúgbò, wọ́n á sọ fún ọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Yàrá kan ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó fẹ̀ tó kí ènìyàn méjì jókòó kí ẹ̀kẹta sì dúró. Tábìlì kan wà níbẹ̀, fèrèsé kan, kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó ẹ̀dà lẹ́tà sí, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó rà ní ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀rọ náà já bọ́ láti orí tábìlì lọ́dún tó rà á, láti ìgbà náà ni lẹ́tà "a" ti ń ta kìtì. Gbogbo "a" tó bá tẹ̀, yóò ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, bí ẹni tó ń na ọrùn láti rí iwájú nínú èrò. Wọ́n ní kó gbé e lọ fún àtúnṣe, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé òun ni àmì iṣẹ́ ọwọ́ òun. Òótọ́ ló sì sọ. Nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà, o máa dá tirẹ̀ mọ̀, kódà láti ara àdírẹ́sì ẹ̀yìn àpòòwé. Ẹ má gbàgbé "a" yìí, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Ẹni tí kò lè kọ̀wé máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó lè kọ̀wé àmọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ náà ń wá. Omi tí kò dé ilé, iná òpópónà tó kú, ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n ṣì kọ, gọ́tà tó dí. Á ní kí o jókòó, á ní kí o sọ ọ́ bó ṣe rí, bí o bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba, á ní, "Èyí kò sí lára rẹ̀, máa bọ̀." Ó ní àṣà kan tí gbogbo wọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú gbogbo lẹ́tà tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń fi sítáǹbù tuntun kan sí i, fún ìdáhùn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé sítáǹbù ló wọ́n òun. Ibi tí àṣà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kò sọ fún ẹnì kankan rí.

Kò lọ́kọ, kò bímọ. Àbúrò rẹ̀ yìí ni ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àwọn òbí wọn kú láàárín oṣù kan ṣoṣo, Atẹ̀wé sì jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀rọ tó ń ta kìtì yẹn ló fi bọ́ ọ, òun ló fi rán an lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń sùn síbẹ̀ nígbà tó pé mẹ́tàlá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kọ̀wé sí i, ewé méjì, iwájú àti ẹ̀yìn: wẹ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó sùn, má yá ẹnikẹ́ni ní ṣíbí, ẹni tó bá ń jí nǹkan, má bá a rìn. Ọmọ náà dàgbà, ó gbọ́n, ó di káńsílọ̀ lábẹ́ Àtùpà, gbogbo ayé sì ń pè é ní Káńsílọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bura fún un, Atẹ̀wé sunkún títí tí tìróò ojú rẹ̀ fi ṣàn dé àgbọ̀n.

Ọkùnrin tó nà wọ́n ńkọ́? Jẹ́jẹ́ là ń pè é. Olùkọ́ ìṣirò ni tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ Àtùpà ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ láti fi bú u, nítorí kì í pariwo, kì í bú ẹnikẹ́ni. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, èèyàn méjì láti inú Àtùpà ló ń du àga kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́. Wọ́n pín ìbò ilé wọn sí méjì, Jẹ́jẹ́ ti Àkàbà sì gba àárín wọn wọlé. Èèṣì ni, gbogbo ènìyàn mọ̀. Atẹ̀wé ní ẹni tó bá èèṣì wọlé, ọdún mẹ́rin ni yóò lò, a ó sì kí i pé ó dàbọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Òun gan-an ló wá dámọ̀ràn nípàdé ẹgbẹ́. Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn ọ̀hún o. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà rì í mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀sùn, ẹ ní kó wá bá mi. Kò ní lè dáhùn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tí ọdún mẹ́rin bá pé, a ó kó ẹ̀dà gbogbo wọn síta, a ó bi ìlú pé níbo ni ìdáhùn wà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alága ẹgbẹ́ ní orí obìnrin yìí pé. Orí rẹ̀ pé lóòótọ́, ẹni tó máa jèrè rẹ̀ ni wọn kò tíì mọ̀.

Àmọ́ ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́ ni, kò fẹ́ kí ohun rere kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ọ̀tá wọlé. Nítorí náà, ẹ̀sùn yòówù tó bá dé, Káńsílọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí oníbàárà padà wá pé òun kò gbọ́ nǹkan kan, á ní, "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Káńsílọ̀, ẹ ní sùúrù." Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ òmíràn sí Jẹ́jẹ́, èyí tó ní ata nínú.

Jẹ́jẹ́ dáhùn. Ohun tó kọ́kọ́ ya Atẹ̀wé lẹ́nu nìyẹn. Ó kọ ti aránṣọ kan tí omi kò dé ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọjọ́ kẹsàn-án ni ìdáhùn dé. Ọjọ́ kejìlá, Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn aránṣọ náà, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ó ń wò ó. Kò sọ ohunkóhun nípa Àkàbà. Inú àpòòwé ìdáhùn náà ni sítáǹbù Atẹ̀wé wà, ó dá a padà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ lẹ́tà pé, "Ẹ gba sítáǹbù yín. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi ni ìdáhùn, ẹ kò gbọdọ̀ tún bá mi sanwó rẹ̀." Atẹ̀wé ní àrékérekè ni. Ó tún fi sítáǹbù kan náà sínú lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni sítáǹbù yẹn lọ tó bọ̀, títí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ fi tán.

Nígbà tó di ọdún kẹta, ẹgbẹ́ Àkàbà tó wà nípò ní àwọn fẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò náà pa. Inú Atẹ̀wé dùn, ó ní okùn ti wọ Jẹ́jẹ́ lọ́rùn wàyí. Kàkà bẹ́ẹ̀, Jẹ́jẹ́ dìde nílé aṣòfin, ó ní òun kò bá wọn fọwọ́ sí i. Àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kí i fún oṣù mẹ́rin. Wọn kò ti ilé ìgbẹ̀bí náà. Nígbà tí ìbò sún mọ́, Káńsílọ̀ ń jáde ìpolongo, ó ń pariwo lórí ọkọ̀ pé, "Àkàbà ló fẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí yín," àwọn ènìyàn sì ń wo bàtà wọn. Atẹ̀wé rí i pé wọ́n ń wo bàtà wọn. Ó rò pé oòrùn ni.

Jẹ́jẹ́ kò gun ọkọ̀ kankan. Ojúlé dé ojúlé ló ń fẹsẹ̀ rìn. Àkàbà tó wà lára pósítà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí o fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn kí o tó rí i. Orúkọ tí wọ́n fi bú u ló kọ gàdàgbà sí i: JẸ́JẸ́ NI. Ó yà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní ìdojúkọ Atẹ̀wé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, Atẹ̀wé sì ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Mo mọ̀ pé Àtùpà lẹ jẹ́, n kò ní kí ẹ pa á. Ìwé funfun, ẹ fi ṣe ohun tọ́kàn yín bá fẹ́. Yẹ́lò nìkan ni mo bá wá." Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tọrọ ìdajì ìbò kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ.

Lọ́jọ́ kejì ìbò, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tààrà. Bàbá àgbà ni, ó ti ń gé irun ládùúgbò náà kí Atẹ̀wé tó ra ẹ̀rọ. Àwòrán Àtùpà wà lókè dígí rẹ̀, ó ti ń pọ́n látàrí ọjọ́ pípẹ́. Kò sí oníbàárà níbẹ̀, ó ń nu abẹ.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó," ni Atẹ̀wé wí. "Ta ni àwọn ọ̀dàlẹ̀ yìí? Ẹ̀yin lẹ ń gé irun wọn, wọn á ti sọ fún yín."

Bàbá kò gbójú sókè. "Èmi náà wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Láàárín wọn. Irinwó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yẹn."

Atẹ̀wé di àga mú. Ó wo Bàbá, ó wo àwòrán òkè dígí, ó tún wo Bàbá.

"Ẹ̀yin? Tí Àtùpà wà lórí dígí yín?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, n kò yọ ọ́. Funfun mi, Àtùpà ni. Àtùpà ni màá fi kú. Yẹ́lò ni mo fún ọkùnrin yẹn."

"Kí ló fún yín?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan. Ó dá mi lóhùn ni." Ó fa dúrọ́ọ̀ abẹ́ dígí, ó mú ìwé méjì tí wọ́n fi píìnì so pọ̀ mọ́ra jáde. Ọ̀kan ni ìdáhùn Jẹ́jẹ́. Ìkejì ni ẹ̀dà lẹ́tà tí Bàbá fi ránṣẹ́ nípa gọ́tà tó ń da omi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo "a" inú rẹ̀ sì ń na ọrùn. "Ta ló tẹ èyí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni. O sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìwọ lo ní kí n kọ ọ́, o ní kí ojú lè ti ọkùnrin náà. N kò mọ àdírẹ́sì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Atẹ̀wé. Láyé, n kì bá tí kọ̀wé sí ọmọ Àkàbà." Ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ọkùnrin yẹn mọ ibi tó bà sí. Ìwọ lo sì fi hàn án."

Atẹ̀wé kò lè rẹ́rìn-ín. "Káńsílọ̀ ńkọ́? Ṣebí a kọ sí i."

"A kọ sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì." Ohùn Bàbá wálẹ̀. "Ọmọ wa ni, iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ó ń kí mi láràárọ̀, kò sì mẹ́nu ba gọ́tà náà rí. Mo ní kí n má sọ fún ọ, nítorí ojú rẹ. Kì í ṣe èmi nìkan, ọmọ mi. Gbogbo wa ló ń fi pamọ́ fún ọ."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀dà lẹ́tà tó kó sí Jẹ́jẹ́ lọ́rùn lé ní igba. Gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ ni ó mọ ojúlé wọn. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wọn lórí itan. Ìpolongo tí ẹgbẹ́ Àkàbà kò lè ṣe ládùúgbò yẹn ní ogún ọdún, òun ló jókòó tó bá wọn ṣe é, ewé lórí ewé, ó sì tún ń ra sítáǹbù fún wọn. Òun ló na àbúrò rẹ̀. Kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ náà kí ọmọ náà tún máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n.

Kò jẹun. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó wọ bàtà, ó lọ.

Káńsílọ̀ ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì nígbà tó dé, nítorí ó ti fi ipò káńsílọ̀ sílẹ̀ láti du ti aṣòfin, ẹlòmíràn sì ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Páálí mẹ́ta wà nílẹ̀. Ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ má wulẹ̀ bá mi kẹ́dùn, ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo wọn."

"Wọn kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀," ni Atẹ̀wé wí. "Èmi ni mo nà ẹ́."

Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣàwàdà. Atẹ̀wé kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró, láti orí ìpàdé ẹgbẹ́ títí dé gọ́tà onígbàjámọ̀, bí òun ṣe ń kọ ẹ̀sùn gbogbo ènìyàn sí Jẹ́jẹ́ tí Jẹ́jẹ́ sì ń dáhùn. "Ìwọ ni mo sì ń kọ́kọ́ kọ wọ́n sí," ló fi parí rẹ̀. "Ọlọ́run rí mi. Kò sí ọ̀kan tó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Ìwọ ni mo ń kọ́kọ́ fún láǹfààní, o kò sì rí àyè. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ fún ẹ."

Káńsílọ̀ gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Lẹ́tà wo lẹ kọ sí mi?"

"Lẹ́tà àwọn ènìyàn. Ti aránṣọ, ti Bàbá onígbàjámọ̀. Gbogbo wọn."

"Ẹ̀gbọ́n." Ó rìn lọ síbi kábínẹ́ẹ̀tì, ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Kò fẹ́ jáde, ó ti kún jù. Ó fi ẹsẹ̀ ti ara kábínẹ́ẹ̀tì kó tó rí i fà.

Àpòòwé ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Orí gbogbo wọn ni "a" Atẹ̀wé ti ń na ọrùn. Kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn.

Atẹ̀wé wò wọ́n, ojú rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ó mú ọ̀kan, ó yí i padà, gọ́ọ̀mù ẹnu rẹ̀ wà bó ṣe fi itọ́ lẹ̀ ẹ́. Ó mú òmíràn. Ó mú méjì mìíràn.

"Mo rò pé tiyín ni," ni Káńsílọ̀ wí.

"Tèmi báwo?"

"Tiyín, Ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ràn." Ó tọ́ka sí orí àpòòwé kan. "Bí mo bá ti rí 'a' yẹn lórí àpòòwé, màá sọ pé Ẹ̀gbọ́n mi ni. Màá sọ pé wọ́n fẹ́ kí n wọ súwẹ́tà ni, wọ́n fẹ́ kí n yàgò fún èèyàn kan ni. Màá ní ṣebí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Mo sì ń sọ fún yín pé mo rí lẹ́tà yín."

Ó ń sọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ Sọ́ńdè ló ti ń gbé ṣíbí sókè tó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí lẹ́tà yín o," tí Atẹ̀wé yóò sì dáhùn pé, "O ṣeun, má jẹ́ kó pẹ́," tí wọ́n á sì máa jẹun lọ. Òun ń rò pé ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń sọ. Ọmọ náà ń rò pé ọ̀rọ̀ súwẹ́tà ni.

Ó fa àpòòwé kan ya. Sítáǹbù jábọ́ sílẹ̀. Gọ́tà Bàbá ni. Ó fa òmíràn ya, sítáǹbù jábọ́, omi aránṣọ ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́, ó ń fà wọ́n ya lọ́kọ̀ọ̀kan, sítáǹbù ń já bọ́ sórí bàtà rẹ̀, Káńsílọ̀ sì dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Ó jọ bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn fún ọdún mẹ́rin. Ó ti fẹ́ sọ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òun nìkan mọ́. Ara ì bá sì fúyẹ́. Àmọ́ nǹkan kan tí ọmọ náà sọ ni kò kúrò létí rẹ̀.

"Súwẹ́tà," ló wí. Ó dáwọ́ dúró. "Ta ni mo kọ̀wé súwẹ́tà sí? N kò kọ̀wé sí ẹ nípa súwẹ́tà láti ìgbà tí o ti parí ilé-ìwé."

Káńsílọ̀ ń wo dúrọ́ọ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti ń rí 'a' mi tí o ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan?"

Ó ṣì ń wo dúrọ́ọ̀.

"Àwọn ti ilé-ìwé ńkọ́?"

"Mo ka ti àkọ́kọ́," ni Káńsílọ̀ wí nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ó ti lé ní ogójì ọdún, àmọ́ ohùn tó fi sọ ọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. "Àwọn ọmọ tó kù rí i lọ́wọ́ mi. Wọ́n kà á sókè ní yàrá, ti ẹsẹ̀ fífọ̀ yẹn. Wọ́n ń pe 'wẹsẹ̀ kó o tó sùn' mọ́ mi lórúkọ. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti dé, màá fi pamọ́. Àmọ́ n kò sọ ọ̀kan nù o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá wò ó."

Ilé rẹ̀ kò jìnnà, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín. Ó gun àga nínú yàrá, ó gbé àpótí páànù kan sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, àpótí tí Atẹ̀wé rà fún un lọ́jọ́ tó ń lọ sílé-ìwé. Ó ṣí i. Àpòòwé ọdún márùn-ún wà níbẹ̀, ó fi okùn bàtà dì wọ́n ní ìdì ìdì, gbogbo wọn ti pọ́n, yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kò sí èyí tí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀.

Atẹ̀wé jókòó sí etí ibùsùn. Ó fa èyí tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ yọ, ìkejì tó kọ sí i láyé ni. Ó ń rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan yí ṣubú lójú ọ̀nà ilé-ìwé ọmọ náà, ìròyìn ti kàn dé ilé ìfìwéránṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí àbúrò rẹ̀ wọ̀ ni tàbí òmíràn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń dúró lẹ́nu ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé-ìwé ló wá fi ìwé ránṣẹ́ sí i nígbẹ̀yìn nípa owó ìwé, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ ọmọ náà, tó fi mọ̀ pé ó wà láàyè.

Ó fà á ya. Sítáǹbù kan bọ́ sórí itan rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, àwòrán orí rẹ̀ jẹ́ irú tí wọn kò tẹ̀ jáde mọ́. Àkọ́kọ́ tó fi sínú lẹ́tà ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀ nìyẹn. Káńsílọ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kà á.

"Àbúrò mi, mo rò pé bóyá o kò ní sítáǹbù ni, mo ti fi ọ̀kan sí i. Má kọ púpọ̀. Ṣáà kọ pé o ti dé, kí n lè sùn."

Ó kà á tán, ó yí i padà, kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀wé tí kò kún iwájú àti ẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mo ti dé, Ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Atẹ̀wé mú sítáǹbù náà, ó ń fi ìka nù ún. Kò dá a lóhùn.